Ohùn Èèyàn Ni Mo Kan Àpótí Yìí Fún

Ẹ dúró nídìí sípíkà níbi ìnáwó ní Ìlọrin, ẹ ó gbọ́ ìlù tó ń dún gbìm-gbìm láyà yín, ẹ ó sì gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń hó ṣàà lókè. Ọ̀rọ̀ ẹnu olórin ńkọ́? Ẹ ó máa bi ẹni tó jókòó tì yín pé, "Kí ló wí?" Ohun tó ń ká mi lára nìyẹn. Orin dàdàkúàdà, ọ̀rọ̀ ni. Oríkì ni, ìtàn ni, òwe tí wọ́n fi ń na ẹni tó tọ́ sí ni. Wáàsí àwọn ààfáà wa, ọ̀rọ̀ ni. Gángan fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Kí èèyàn wá gbé ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì wá sí irú ìlú báyìí, àdánù gbáà ni.

Olùkọ́ físíìsì ni mí nílé ẹ̀kọ́ gíráámà, àdúgbò Adéwọlé ni mò ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kan sípíkà nínú ilé. Mi ò fi ṣòwò. Mò ń ṣe é nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀, àti nítorí pé mo fẹ́ kí ohùn jáde bí ẹni tó ni ín ṣe fọ̀ ọ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí: sípíkà ọ̀nà mẹ́ta, tí wúfà (tó ń gbé ìró ìsàlẹ̀), míìdì (tó ń gbé ti àárín) àti twítà (tó ń gbé ti òkè) rẹ̀ jọ wà nínú àpótí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 42, tó fẹ̀ ní 20, tó jìn ní 23. Méjì rẹ̀ gba orí kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Àwọn tá a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń sọ fún mi pé ọ̀nà méjì ti tó fún àpótí kékeré, pé kí n fi wúfà àti twítà mọ. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ níbi tó kan owó àti wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí a ń kó bá wúfà yẹn. Bí ooru bá wà ní 30°C, bó ṣe sábà máa ń rí níbí lọ́sàn-án, ìró máa ń rìn ní nǹkan bíi mítà 349 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró tó bá ń gbọ̀n nígbà 2,700 láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ìyẹn 2,700 Hz, ìgbì rẹ̀ kan kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ. Ẹ wá wọn wúfà 6.5 ínǹṣì: apá kónù rẹ̀ (ojú rẹ̀ tó rí bí àrọ) tó ń mi gan-an fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 náà. Tí ìgbì bá ti kúrú tó kónù tó ń gbé e jáde, ìró kì í tàn ká yàrá mọ́, ọ̀kánkán ló máa ń dojú kọ. Ẹni tó jókòó sáàárín á gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ti ẹni tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ á máa dún bíi pé wọ́n fi aṣọ bo olórin lẹ́nu. Ibi tí wúfà àti twítà ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nínú ọ̀nà méjì sì nìyẹn, ní àárín 2,000 sí 3,000 Hz, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń yé èèyàn.

Ìdí kejì tún wà. Nígbà tí ìyá ìlù bá dún, kónù wúfà á lọ síwájú, á bọ̀ sẹ́yìn, ojú á rí i. Tí ohùn olórin bá wà lórí kónù kan náà yẹn, gbogbo bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ló ń gbé ohùn náà kiri. Kì í ṣe pé ohùn á pòórá, ó kàn ń gbọ̀n lábẹ́lẹ̀, ó ń dọ̀tí. Bí wọ́n bá ṣe ń lu ìlù kíkankíkan tó ni ó máa ń burú tó, àwọn olórin wa ò sì lè ṣe kí wọ́n má lù ú kíkankíkan.

Mo wá yà ọ̀tọ̀ fún ohùn. Míìdì 4 ínǹṣì ni mo fi síbẹ̀, mo ní kó máa gbé ohun gbogbo láti 450 Hz títí dé 2,500 Hz, kí wúfà jókòó sísàlẹ̀ ìyẹn, kí twítà gba òkè. Ẹnìkan lè sọ pé ohùn èèyàn bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ 450, bẹ́ẹ̀ náà sì ni. Ìpìlẹ̀ ohùn àgbà ọkùnrin wà láàárín nǹkan bíi 85 sí 180 Hz, ti obìnrin láàárín 165 sí 255. Ṣùgbọ́n ẹ rántí fóònù olókùn ayé àtijọ́. 300 sí 3,400 Hz ni gbogbo àyè tí wọ́n yọ̀ǹda fún ohùn lórí rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti gé ìpìlẹ̀ ohùn gbogbo wa dànù, síbẹ̀ a ò ṣi ohùn òkè gbọ́ fún ohùn ìsàlẹ̀ lórí rẹ̀. Etí ló ń kó àwọn ìró tó tò lé ìpìlẹ̀ náà lórí jọ, tó sì ń fi wọ́n mọ ibi tí ìpìlẹ̀ wà. Èdè tiwa, tó jẹ́ pé gíga ohùn ló ń yà ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì, ààrin yẹn ló rọ̀ mọ́. Tí mo bá jẹ́ kí kónù kan ṣoṣo gbé ààrin náà láìgé e sí méjì, mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Híhá ọ̀nà mẹ́ta sínú àpótí kékeré kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, Edgar Villchur gbé sípíkà AR-1 jáde ní Amẹ́ríkà, àpótí tí wọ́n dí pinpin tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń ṣe spríìngì fún wúfà. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ìró ìsàlẹ̀ tó jinlẹ̀ gbọ́dọ̀ ra àpótí tó tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ní 1958 ni AR-3 dé, ọ̀nà mẹ́ta gidi, tí míìdì àti twítà rẹ̀ rí rogodo bí ìdérí, nínú àpótí tó ṣì ṣeé gbé ka orí ṣẹ́ẹ̀fù. Láti ìgbà náà, ohun tó ń bá gbogbo wa jà ni òfin tí J. Anton Hofmann, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi orúkọ wọn pe ilé iṣẹ́ sípíkà KLH, fi sílẹ̀: àpótí kékeré, ìró ìsàlẹ̀ tó jinlẹ̀, àti ìró tó lọ sókè láìjẹ iná púpọ̀, méjì péré lọwọ́ rẹ lè tó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mú àpótí kékeré. Èyí tó kù, mo pín in sí méjì: mo fara mọ́ ọn pé ìró ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ láti 70 Hz, mo sì fara mọ́ ọn pé sípíkà náà ò ní pariwo jù.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kan wa gan-an níbí, torí náà kí n ṣàlàyé rẹ̀. Bátìrì 12 volt ni mo fi ń gbọ́ nǹkan nígbà tí iná bá lọ, pẹ̀lú ampilifáyà kékeré tó ní chip TPA3116, èyí tó lè ṣiṣẹ́ láti 4.5 volt dé 26. 12 volt sórí sípíkà 8 ohm (ohm ni a fi ń wọn ìdènà iná), nǹkan bíi wátì 9 ló lè fún mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Sípíkà mi ń mú nǹkan bíi 83 dB (dB ni a fi ń wọn bí ìró ṣe pariwo tó) wá pẹ̀lú wátì kan tí èèyàn bá dúró ní mítà kan sí i. Wátì 9 á gbé ìyẹn kọjá 92. Fún pálọ̀ tí èèyàn mẹ́fà jókòó sí, ó pọ̀ tó, ó sì ń kù. Kì í ṣe ti ìnáwó, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni wúfà mi. Mo máa ń yọ wọ́n lára àwọn sípíkà àtijọ́ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, torí pé irin àti máàgínẹ́ẹ̀tì wọn dára ju ọ̀pọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni etí kónù. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi ìka kàn án jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fọ́ wúruwùru sí yín lọ́wọ́, ọjọ́ ogbó ti jẹ ẹ́ tán. Rọ́bà ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ gbọ́ ṣáá, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, torí rọ́bà àti aṣọ ẹ̀yìn kónù tó ti lo ogún ọdún ti rọ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Àwọn ìwọ̀n tí a nílò wà nínú iṣẹ́ Neville Thiele, ará Ọsirélíà, tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961, àti ti Richard Small tó fẹ̀ ẹ́ lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Gbogbo ayé ń pe ìwọ̀n náà ní orúkọ àwọn méjèèjì títí dòní. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù fún àpótí tí wọ́n dí: ibi tí kónù ti ń fẹ́ gbọ̀n fúnra rẹ̀ (Fs), bí ó ṣe ń tètè dákẹ́ tí wọ́n bá ti mì ín (Qts), àti iye afẹ́fẹ́ tó le bíi spríìngì tirẹ̀ (Vas). Méjì àkọ́kọ́ rọrùn. Rẹsísítọ̀ kan, ihò hẹ́ẹ̀fóònù lára kọ̀ǹpútà, àti REW, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń ya àwòrán ìdènà iná nínú wúfà. Fs wúfà mi jẹ́ 38 Hz, Qts rẹ̀ jẹ́ 0.38.

Fún Vas, ẹ ní láti lẹ ohun tí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ mọ́ kónù, kí ẹ wo bí Fs ṣe máa já wálẹ̀. Ìwúwo náà gbọ́dọ̀ péye, òṣùwọ̀n ilé ìdáná ò sì mọ gíráàmù kan yàtọ̀ sí méjì. Mo gbé gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí a fi ń lẹ páálí mọ́ ògiri, mo lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ọjà-Ọba. Ó wò ó, ó wò mí.

"Àǹtí, kí ni kí n fi èyí ṣe?"

"Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n ni sà. Gíráàmù 10 ni mo fẹ́."

Ó gbọn àwo òṣùwọ̀n rẹ̀ mọ́, ó fi ẹ̀mú já gọ́ọ̀mù náà ní kékeré kékeré, ó ń fi kún un, ó ń yọ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wọn yẹtí ìyàwó. Nígbà tó jókòó sórí 10.00, ó ká a sínú bébà pẹlẹbẹ, ó sì kọ̀ láti gbowó. Mo pín in sí mẹ́rin, mo lẹ wọ́n yí ìdérí àárín kónù ká kí ìwúwo má bàa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fs já láti 38 wá sí 31. Láti ibẹ̀, ìṣirò ni: ohun tó ń mi nínú wúfà náà wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 20, Vas rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi lítà 22. Tí mo bá fún un ní lítà 9 nínú àpótí tó dí, Q wúfà àti àpótí pọ̀ á wà ní 0.7, ibi tí ìró ìsàlẹ̀ ti ń lọ tẹ́ẹ́rẹ́ láìwú, kó tó rọra sọ̀ kalẹ̀ láti 70 Hz. Lítà 9 nìyẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo gígùn àti fífẹ̀ tí mo sọ lókè ti wá.

Bàbá káfíńtà mi wà ní Gáà-Àkànbí. Plywood 18 mm la lò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀) lọ níbí, torí MDF máa ń wú tí omi òjò bá kàn án létí, pákó gidi sì máa ń sán nígbà ọyẹ́. Bàbá fẹ́ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ olóbìírí ṣe iwájú àpótí náà lọ́ṣọ̀ọ́ bó ṣe máa ń ṣe bẹ́ẹ̀dì.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan sí i létí kó fi lẹ́wà."

"Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gé igun yẹn kúrò ni, kó rí rìbìtì láti òkè délẹ̀. Bí ìró bá ń sá lọ lójú pákó, tó bá kan igun, ibẹ̀ ló ti ń tún jáde bíi pé sípíkà mìíràn wà níbẹ̀. Á wá máa pẹ́ dé etí."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ mú ìwọ̀n yín wá," ó sì fi ẹ̀rọ ìfágún gé e débi pé ọwọ́ ń yọ̀ lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní ihò twítà ni mo fẹ́ràn jù. Ojú twítà gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ojú pákó, kò gbọdọ̀ yọ síta ní mílímítà kan. Ó kọ́kọ́ gé ihò kan lórí pákó àlòkù, ó gbé twítà sínú rẹ̀, ó fi èékánná ra ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé, ó fi nǹkan tó tó bébà kan kún jíjìn ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún un gé, ó fi èékánná ra á lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó wá fọwọ́ kan iwájú àpótí gidi. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ka vernier, mo dúró wò ó tán.

Míìdì ní yàrá tirẹ̀ nínú àpótí, lítà kan àtààbọ̀, kí afẹ́fẹ́ tí wúfà ń tì má bàa máa ti kónù rẹ̀ lẹ́yìn. A jẹ́ kí ògiri ẹ̀yìn yàrá náà dagun, kí ìró tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn kónù má bàa padà tààrà gba ojú kónù jáde. Òwú àràbà, èyí tí ìyá mi fi ń ki ìrọ̀rí, ni mo kì sínú yàrá méjèèjì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kì í rún, kì í sì í yún ọwọ́ bíi gíláàsì onírun.

Ọ̀rọ̀ fífẹ̀ àpótí gbọ́dọ̀ wọ inú crossover (àwọn ẹ̀yà iná tó ń pín ìró fún wúfà, míìdì àti twítà), ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń fò ó. Ìró tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju fífẹ̀ iwájú àpótí lọ, iwájú nìkan ló ń lọ. Èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn, ó ń yí àpótí po, ìdajì rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn. Nítorí náà ìró ìsàlẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ sí ti òkè, ó lè tó 6 dB. Ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ fi fífẹ̀ àpótí ní mítà pín 115: 115 sí 0.20 jẹ́ 575 Hz. Nínú ọ̀nà méjì, àárín iṣẹ́ wúfà gan-an lèyí máa bọ́ sí, ẹ ó sì ní láti fi kọ́ìlì ńlá (wáyà tí wọ́n wé) tẹ ohùn mọ́lẹ̀ kó tó bá ìsàlẹ̀ mu. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tèmi, 450 Hz tí wúfà ti ń fa iṣẹ́ lé míìdì lọ́wọ́ wà nítòsí ibẹ̀. Mo kàn ń rẹ míìdì àti twítà sílẹ̀ ní iye tó yẹ ni, gbogbo rẹ̀ á sì tò. Fún èmi, èyí nìkan ti san wàhálà kónù kẹta.

Tí ẹ bá ṣí ìwé ẹ̀kọ́, ẹ ó rí i pé gígé iṣẹ́ sí méjì ní 450 Hz lórí 8 ohm gba kọ́ìlì 5.66 mH àti kapásítọ̀ 22 µF (mH ni a fi ń wọn agbára kọ́ìlì, µF ni ti kapásítọ̀). Ṣùgbọ́n kò sí wúfà kankan tó jẹ́ 8 ohm láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó ń gòkè níbi Fs, ó tún ń gòkè bí ìró bá ṣe ń lọ sókè. Mo kó gbogbo ìwọ̀n mi sínú VituixCAD, sọ́fítíwíà tó ń ṣírò crossover, òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì fi hàn mí pé 4.7 mH àti 33 µF ló bá wúfà tèmi mu nínú àpótí tèmi.

Kọ́ìlì 4.7 mH yìí, mi ò rí i rà, mo wé e fúnra mi ni. Àwọn tó ń wé fáànù àti mọ́tọ̀ ẹ̀rọ omi nítòsí Póòsì Ọ́fíìsì ló ń ta wáyà bàbà tí wọ́n fi fáníìṣì bò, ẹ lè ra á ní kílò. Mo mú èyí tó nípọn ní 1.5 mm. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á dínwó, ṣùgbọ́n ìdènà rẹ̀ pọ̀, ìdènà yẹn sì ń bá wúfà gbé: ó ń jẹ́ kí Q gòkè, ìró ìsàlẹ̀ á wá máa wú. Èyí tó nípọn yìí pàápàá gbé nǹkan bíi 0.65 ohm wá, ó sún Q mi láti 0.7 dé itòsí 0.8. Òwú àràbà tí mo kì sínú àpótí ló ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀, torí òwú máa ń jẹ́ kí àpótí ṣe bíi pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì di gbòǹgbò igi tí ẹ fẹ́ wé e mọ́ mú, kí ẹnìkan máa yọ wáyà fún yín kó má lọ́. Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sùn ti ara wọn. Mo wé e kọjá ibi tó yẹ mọ̀ọ́mọ̀, ó ka 5.2 mH lórí mítà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Agbára kọ́ìlì ń tẹ̀lé iye ìyí ní ìlọ́po ara rẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá tú ìyí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ló máa lọ. Ìyí kan, mo kà á. Ìyí kan sí i, mo kà á. 4.9. 4.8. Nígbà tó kù díẹ̀ mo fi ọ̀bẹ ha fáníìṣì kúrò lórí wáyà, mo wọ̀n ọ́n, mo tún tú ìyí kan. 4.70. Mo gé e, mo fi okùn dì í ní ibi mẹ́rin, mo gbé e lọ́wọ́: ó wúwo ju kílò kan lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìdùnnú tó wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe é rí.

Ẹ má to àwọn kọ́ìlì tira wọn kí wọ́n dojú kọ ọ̀nà kan náà. Ẹ dá ọ̀kan dùbúlẹ̀, ẹ dá ìkejì dúró, kí ìkẹta tún kọjú síbòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná inú ọ̀kan á máa wọ inú èkejì.

Láàárín míìdì àti twítà ní 2,500 Hz, ọ̀nà tí Siegfried Linkwitz àti Russ Riley là ní 1976 ni mo tẹ̀ lé. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti rẹlẹ̀ ní 6 dB, wọ́n jọ ń lọ síwájú, wọ́n jọ ń bọ̀ sẹ́yìn, àpapọ̀ wọn á sì tẹ́jú. Kó tó lè ṣẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ súnmọ́ra. Láti àárín míìdì dé àárín twítà tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 àti ààbọ̀. Ìgbì 2,500 Hz jẹ́ 14. Ó bọ́ sí i.

Àyẹ̀wò gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni mo ti ṣe é, lálẹ́, lẹ́yìn tí àwọn aládùúgbò ti pa jẹnẹrétọ̀. Mo to bẹ́ńṣì léra wọn kí sípíkà lè wà ní mítà méjì sókè, gbohùngbohùn (máíkì) ní mítà kan síwájú rẹ̀. Ìró tó bá lọ kan ilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ gbohùngbohùn á fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju èyí tó wá tààrà lọ, kọ̀ǹpútà á wá gé e dànù. Ohun tó kù jẹ́ òótọ́ láti nǹkan bíi 110 Hz lọ sókè. Nísàlẹ̀ ìyẹn, ẹ sún gbohùngbohùn mọ́ kónù wúfà dáadáa kí ẹ sì wọ̀n ọ́n níbẹ̀.

Ìlà tó jáde lórí kọ̀ǹpútà tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìlà kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Ní àwọn ọdún tí AR-3 gbajúmọ̀, wọ́n máa ń gbé e síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fine Arts Quartet (ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin), àwọn olórin á lù díẹ̀, sípíkà á gbà á lẹ́nu wọn, wọn á ní kí àwọn èèyàn sọ ibi tí wọ́n ti pààrọ̀. Mo rò ó pé kí ló dé tí mi ò lè fi gángan ṣe irú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin onílù kan ní àdúgbò wa, ọmọ ìdílé àyàn, gbà láti wá. Ìta ló ti kọ́kọ́ lù, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ìdún pálọ̀ má bàa wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lù ú nínú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ó dákẹ́, mo fi èyí tí mo gbà sílẹ̀ síi.

Ó tẹ́tí. Ó di ojú. Ó ní, "Àǹtí, ìlù mi ni o. Ṣùgbọ́n awọ yẹn ti gbẹ jù. Bíi pé mo gbé e sínú oòrùn láti àárọ̀."

Ẹni tó mọ gángan mọ ohun tó sọ. Awọ tó gbẹ jù, ohùn rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á máa ta létí, ara rẹ̀ á dínkù. Mo mọ ibi tí ìyẹn wà lórí ìlà mi: míìdì, láti nǹkan bíi 1,000 Hz lọ sókè. Rẹsísítọ̀ 3.3 ohm ló wà níwájú rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi 4.7 síbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bíi dB kan lọ, kékeré tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kò sí. Mo tún fi orin náà síi láìsọ ohun tí mo ṣe fún un.

"Ó ti rọ̀ báyìí," ó ní. Ó gbé ìlù rẹ̀ há abíyá, ó fún ọṣán, ó dá sípíkà lóhùn, wọ́n jọ ń lù ú fún ìgbà díẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ jáde láti yàrá wá bèèrè pé onílù mélòó ló wà nínú ilé.

4.7 ló wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìlà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ti rẹlẹ̀ díẹ̀ láàárín báyìí, kò tẹ́jú bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mi ò sì ní dá a padà. Mo ti fi àwọn orin wákà àwọn obìnrin wa sí i, mo ti fi wáàsí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì sí i, èyí tí ariwo téèpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde. Ẹni tó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ń gbọ́ ohun tí ẹni àárín ń gbọ́. Ìlù ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó mọ́, kì í kan èèyàn láyà. Ẹni tó bá fẹ́ kó kàn án láyà ní láti fi wúfà mìíràn kún un nínú àpótí tirẹ̀, mi ò ní bá a jiyàn.

Ìyá mi ní Ọ̀fà ti ní òun fẹ́ tòun. Rédíò nìkan ni ìyá mi ń gbọ́, ìròyìn àti ètò àwọn àgbà, nítorí náà mo lè fi wúfà 5 ínǹṣì síbẹ̀, kí àpótí má ju lítà 6 lọ, kí n sì gbé ìpàdé wúfà àti míìdì wá sí 350 Hz kí ohùn olóòtú lè dúró sórí kónù kan pátápátá. Míìdì ti wà nílẹ̀, ìkejì irú tèmi. Pákó náà ti wà lọ́dọ̀ bàbá káfíńtà, ó ní ká jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró ná kó lè gbẹ dáadáa kó tó gé e. Ní báyìí, wúfà ni mò ń wá, rọ́bà létí, Fs tí kò ju 50 lọ, mo sì ti sọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà pé mò ń bọ̀.